Akẹ́kọ̀ọ́ Másítà Tó Fẹ́ Gbá Tẹníìsì

Ní ọdún 1998, Doyinsọ́lá Adéwọlé gba ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ilé ìwé girama tó ti ń kọ́ni ní Ìsẹ̀, ó sì wọlé sí yunifásítì l'Adó láti ka másítà. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìkéré ló ti ń wọ mọ́tò lọ sí kíláàsì láràárọ̀.

Nígbà tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, kò ráyè gbá tẹníìsì orí tábìlì fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọdún tí wọ́n mú un sínú ẹgbẹ́ gan-an ló lóyún àkọ́bí. Látìgbà náà, inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìkan ló ti ń gbá a lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Gabriel ọkọ rẹ̀. Gabriel kò borí rẹ̀ rí, síbẹ̀ kò yéé sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa borí.

Lọ́jọ́ kan, ó yà wo ibi tí àwọn ọmọbìnrin yunifásítì ti ń múra sílẹ̀ fún ìdíje àwọn yunifásítì. Ọ̀kan nínú wọn ti fi ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Mercy, ọmọ Òmùò tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ náà, fún un ní bátì pé kó fi ṣeré. Doyinsọ́lá na Mercy ní géèmù mẹ́ta léraléra.

"Àǹtí, ibo lẹ wà látọjọ́ yìí?" ni Mercy figbe ta, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun, kóòṣì wọn.

Kóòṣì ti ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Inú rẹ̀ ń dùn, àfi ìgbà tó béèrè ohun tí obìnrin náà ń kà.

"Másítà? Áà. Ẹ má bínú, Ìyáàfin. Ẹni tó bá ti gba dìgírì kò lè gbá fún yunifásítì mọ́. Òfin ni."

"Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, sà?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

"Mo kàn fẹ́ fojú ara mi kà á ni, sà."

Wọ́n tú gbogbo ọ́fíìsì, wọn ò rí ìwé òfin ìdíje náà. Kóòṣì ní ẹnì kan ṣoṣo tó lè ní in ni Baba Jacob, tó bá wọn ṣètò ìdíje náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì sídìí kòkó rẹ̀ ní Emùré. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n fi orúkọ àwọn eléré ránṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Doyinsọ́lá àti Mercy wọkọ̀ lọ sí Emùré. Wọ́n bá Baba Jacob níbi tó ti ń sá kòkó sórí ẹní níwájú ilé.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ wọ ulé," ni bàbá wí. "Uṣu sísun wà ńbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹun ná."

Wọ́n jẹun tán, bàbá ṣí àpótí onírin kan, ó ń kó ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìwé pẹlẹbẹ kan wà. Doyinsọ́lá kà á sókè: akẹ́kọ̀ọ́ yòówù tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, lè ṣojú yunifásítì rẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ó tún padà sẹ́yìn. Kò rí ọ̀rọ̀ dìgírì níbì kankan.

"Wọn ò tíì yí i padà, bàbá?"

"Mo wà ní ìpàdé wọn lọ́dún tó kọjá, wọn ò yí nǹkan kan. Àwa la kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," bàbá wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹnikẹ́ni ò wá bi wá ni."

Mercy bẹ̀rẹ̀ sí í jó, bàbá sì kígbe pé kó rọra, kó má tẹ òun ní kòkó.

Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà padà dé Adó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kóòṣì ka ojú ìwé náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Èmi náà ka másítà," ó wí jẹ́jẹ́. "Irinwó mítà ni mò ń sá. Ẹnì kan sọ fún mi pé mi ò lè sáré mọ́, mo sì kó bàtà mi sínú àpótí. Mi ò béèrè."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gba fọ́ọ̀mù, Ìyáàfin, kí n tó sunkún lójú Mercy."

Nígbà tí ìdíje dé, wọ́n na Doyinsọ́lá nínú ìfigagbága àkọ́kọ́ tó dá gbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti Mercy jọ gbá a ní méjì-méjì, ara rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ń borí títí wọ́n fi dé ìkẹyìn, wọ́n sì gba ipò kejì. "Másítà! Másítà!" ni àwọn ọmọ yunifásítì ń pariwo. Ohùn Gabriel há pátápátá. Gbogbo ẹni tó jókòó tì í ló ń sọ fún pé, "Ìyàwó mi nìyẹn! Èmi ni mò ń kọ́ ọ!"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kóòṣì lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ilé ìkàwé, pé akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti ti ọ̀mọ̀wé tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó bá mọ eré ìdárayá kan, kó wá sí pápá lọ́jọ́ Ajé. Ó rò pé èèyàn méjì ló máa wá. Mọ́kànlá ló bá níbẹ̀. Ọ̀kan wọ ṣòkòtò gbọ̀ọ̀rọ̀, ó ń wá ibi tó máa fi awò ojú rẹ̀ sí. Kóòṣì kọ orúkọ wọn, ó fun fèrè, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá po, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.