Orúkọ Ìyá Mi Ló Wà Lára Ìgò Náà

Khamson, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ gbé òróró igbó wọ ilé wa. Inú ìgò oògùn ikọ́ àtijọ́ kan ló rọ ọ́ sí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi lórí pèpéle ọparun tó wà lábẹ́ ilé wa tó dúró lórí òpó, ó ní kí wọ́n máa kán an sábẹ́ ahọ́n, ebi á máa pa wọ́n. Mo bi í pé ẹ̀kán mélòó. Ó ní títí ojú wọn á fi wálẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe le tó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Sangwan, ìwọ náà! Ewé tí ìyá ìyá rẹ fi ń se ọbẹ̀ adìẹ lo wá ń ṣèwádìí bí ọlọ́pàá?"

"Ìyá ìyá mi kì í se ọbẹ̀ adìẹ sínú ìgò ikọ́," ni mo fi dá a lóhùn, mo sì dá ìgò rẹ̀ padà fún un.

Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ìlera ni mo ń ṣe lábúlé wa. Èmi ni mo ń wọn ìfúnpá fún àwọn àgbà, èmi ni mo sì ń ṣí ìkòkò omi onílé wò bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní imú mi gùn ju ti erin lọ. Kò dùn mí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ìbéèrè mi, kó fọ ìkòkò omi rẹ̀ kó mọ́.

Ṣùgbọ́n lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ ìyá mi nìkan ló ká mi lára. Nuanla ni orúkọ wọn. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá wọn jà, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìgboro la sì ti ń gba oògùn rẹ̀ sí wọn lára. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹun. Kí òórùn ìrẹsì ṣáà ti kan wọ́n nímú, èébì dé. Oríṣiríṣi oògùn èébì ni wọ́n ti fún wọn, pàbó ló já sí. Dókítà jẹjẹrẹ wá là á mọ́lẹ̀ fún mi: bí ìyá bá tún rù ju báyìí lọ, òun á dá ìtọ́jú dúró, torí ara wọn ò ní lè gbé e mọ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyá náà mọ̀ ọ́n.

Mo bi dókítà yẹn nípa igbó, mo rò pé á lé mi jáde. Kò lé mi. Ó ní òfin gbà á fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbà á. Ó kọ gbogbo àìsàn ìyá àti oògùn tí wọ́n ti lò sínú ìwé kan, ó ní kí n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi igbó tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba lágbègbè wa.

Ibi tí wọ́n ti ń fi igbó tọ́jú aláìsàn! Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ro bí ibẹ̀ ṣe máa rí. Mo rò pé àwọn ọ̀dọ́ olójú pípọ́n la máa bá. Àwọn ìyá àgbà la bá níbẹ̀, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, káàdì ìdánimọ̀ kálukú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ń hun apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì. Òmíràn ń rojọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀.

Phitchaya ni dókítà tó gbà wá ń jẹ́. Ọmọbìnrin tí mo lè bí ni, ìyá ló sì ń pe ìyá mi. Ó ka ìwé tí a mú wá, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tirẹ̀. Ṣé ọkàn ìyá dáa? Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ha ti ya wèrè nínú ẹbí rí? Ìyá ní àfi ọkọ òun, ìyẹn bàbá mi, ẹni tí orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ. Dókítà ní kí n kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sórí tábìlì, títí dórí àgbo gbòǹgbò tí wọ́n rò pé n kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ó sú ìyá. Wọ́n yí sí mi, wọ́n ní, "Nígbà tí bàbá rẹ wá fẹ́ mi, àwọn òbí mi ò bi í ní ìdajì èyí."

Èmi ni kò sú. Mo bi dókítà pé kí ló kan ọkàn nínú ọ̀rọ̀ èébì. Ó wò mí, ó rí i pé mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń ṣe ìyá lóore lè ṣe ẹlòmíì ní jàǹbá," ló wí. "Ẹni tí mo bá yẹ̀ wò nìkan ni mo lè kọ ọ́ fún."

Bó ṣe parí náà nìyẹn. Mo ti rò pé á le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn tí dókítà mọ̀, oògùn tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò tí kò ràn án, dókítà tó ní àṣẹ láti kọ ọ́, káàdì ìdánimọ̀, ó tán. Àwọn tó ń ta oògùn nínú ilé ìwòsàn lẹ orúkọ ìyá mọ́ ara ìgò kékeré kan, wọ́n kìlọ̀ pé ẹ̀kán kan péré ni ká fi bẹ̀rẹ̀, pé ìyá ò gbọ́dọ̀ gun alùpùpù bí wọ́n bá lò ó, pé kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má sì bù ú fún ẹnikẹ́ni. Ó máa tó wọn lò títí di ọjọ́ tí a máa padà wá. Ìyá gba ìgò náà tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n gbé e kan iwájú orí.

Alaalẹ́ ni mo ń kán an sábẹ́ ahọ́n fún wọn. Ìyá á dijú, wọ́n á gbé e mì bí ẹni ń gbàdúrà. Mo fi oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n gbé ojú kúrò níbẹ̀. Mo fi kún ẹ̀kán náà bí dókítà ṣe ní kí n ṣe, kò sí ìyàtọ̀. Aṣọ ń tóbi sí wọn lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Ṣé ewé yìí kò mọ ìyá mi ni? Àbí èmi ni n kò kán an bó ṣe yẹ? Mo bi gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Khamson ní òun ò sọ tẹ́lẹ̀? Ó ní bí wọ́n ṣe ń fi ìwé ṣe oògùn nìyẹn, ìwé náà ni wọ́n á máa rí jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa obìnrin kúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà bí a ṣe máa ń ṣe, apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì wà lọ́wọ́ wa, à ń retí àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì, tí oúnjẹ ọrẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ, kí wọ́n wá gba tiwọn. Àkùkọ ti kọ tì. Oòrùn yọ. Orúnkún ń dùn wá. Bàbá Phromma, olórí tẹ́ńpìlì wa, tó jẹ́ pé òun ló ń jí àkùkọ, kò yọjú. Nígbà tí àlùfáà kejì dé, òun nìkan ló dá wá. Ó rọra sọ fún wa pé Bàbá ń sùn, àwọn sì ti jí wọn títí. Ó ní ohun tó tún ń da òun láàmú ni pé ní ìrọ̀lẹ́ àná, Bàbá ń rìn yí ilé ìdáná po, wọ́n ń ṣí ìdérí ìkòkò.

Ẹnu ya gbogbo wa. Bó bá ti di ọ̀sán, àlùfáà wa kì í jẹun mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó sì ti pẹ́ gan-an tí Bàbá Phromma ti ń pa òfin yìí mọ́ láìwo ìkòkò. Mo bojú wo ìyá mi, mo rí i pé inú apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì ni wọ́n tẹjú mọ́ bí ẹni pé nǹkan já sí i. Ara fu mí.

Mo gba tẹ́ńpìlì lọ. Bàbá ti jí, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tó ń ṣe àwọn, oorun dé, ebi dé, bí ọmọ tuntun. Mo bèèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn tuntun kankan. Wọ́n nawọ́ sí ìgò ìpara kékeré kan létí àtẹ.

"Ìyá rẹ ló fi tọrẹ. Ó ní ó dáa fún oorun àti orúnkún."

N kò fọwọ́ kàn án. Mo fimú lé e, òórùn òróró igbó ló ń ta, mo sì sáré lọ sílé. Mo ṣí ìgò tí orúkọ ìyá mi wà lára rẹ̀, mo kán an sórí ahọ́n. Òróró yànmọ̀tí! Láti ọjọ́ yìí wá, òróró tí à ń fi pa ẹsẹ̀ ni mo ń fi gbogbo ìmọ̀ mi kán sábẹ́ ahọ́n ìyá mi.

Inú bí mi dé ibi tí mo fi sunkún. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Ohunkóhun tó bá wọ ilé mi, ti àlùfáà ni ká kọ́kọ́ yọ," ni wọ́n wá wí. "Ẹni bá fi oògùn tọrẹ, àìsàn á fi í sílẹ̀. Mo rò pé tí mo bá padà lọ, wọ́n á tún bu òmíràn fún mi. Nígbà tí o ní kò sí mọ́ àfi ọjọ́ tí wọ́n dá, ojú tì mí. Orúkọ mi ló wà lára ìgò, Sangwan. Bí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n kọ̀ láti fún mi mọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ló ń ba èmi náà. Ọjọ́ tí dókítà jẹjẹrẹ máa wọn ìyá ti súnmọ́lé. Ṣé ká lọ gba òróró padà ní tẹ́ńpìlì ni? Ọmọlúàbí wo ló máa gba ọrẹ padà lọ́wọ́ àlùfáà? Ó wá ku ká lọ sọ òótọ́, ká sì rí ohun tí òótọ́ máa ṣe wá.

Nígbà tí Bàbá Phromma gbọ́, wọ́n ní àwọn ń bá wa lọ. Obìnrin kì í jókòó ti àlùfáà, nítorí náà Khamson ló wakọ̀, Bàbá jókòó níwájú pẹ̀lú rẹ̀, àwa wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Khamson ò sọ̀rọ̀ kan dé ilé ìwòsàn, ìyẹn náà sì yà mí lẹ́nu.

Dókítà Phitchaya gbọ́ tẹnu wa tán. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kọjú sí wa rárá, Bàbá ló kọjú sí. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè tó bi ìyá mi: ọkàn ńkọ́? Oògùn wo ni wọ́n ń lò? Bàbá ní láti ìgbà tí ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ àwọn ti kú tipiri rí, àwọn ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. N kò mọ̀. Èmi tí mo mọ ìfúnpá gbogbo abúlé, ọkùnrin ni wọ́n ń rán lọ wọn ti àwọn àlùfáà, torí obìnrin kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ká aṣọ wọn sókè ní apá. Apá náà dúdú, ó pọ́n, láì ṣe pé wọ́n fara gbá nǹkan kan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ojú dókítà yí padà.

"Òróró yìí àti oògùn yín kò bára mu," ó wí. "Ó ti jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ṣàn jù. Ká ní ẹ ṣubú lórí àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì ni, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú orí yín kó má dúró."

Ìyá mi bọ́ sílẹ̀ lórí àga, wọ́n forí kanlẹ̀ níwájú Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀mí ara àwọn ni àwọn fẹ́ fi ọrẹ náà gbà, àṣé ẹ̀mí Bàbá ni àwọn ń fi wewu. Wọ́n sunkún débi tí èmi náà ò lè dákẹ́. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn àti gbogbo oògùn.

Bàbá fi ìgò ìpara náà lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn á dà á nù bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí Bàbá sun ibẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Dókítà wá yí sí ìyá.

"Ìyá, mo bínú. Ṣùgbọ́n n kò lè ní oògùn yìí kò ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ ò tíì lò ó."

Ó kọ òmíràn, kékeré sí ti àkọ́kọ́, ó ní kí a máa gbé ìgò náà wá hàn òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbé e wá. Ìyá kò nawọ́ gbà á. Wọ́n ní ohun tó bá ti ọwọ́ àwọn wọlé, àwọn ò mọ bí àwọn ṣe máa kọ́kọ́ fi kan ẹnu ara àwọn.

Bàbá Phromma rẹ́rìn-ín. "Nuanla, mo ti jẹ ìpín tèmi nínú eléyìí, mo sùn gbàgbé, mo sì ṣí ìkòkò. Bí àlùfáà bá jẹun tán, ta ló ń jẹ ìyókù?"

"Àwa ni," ìyá dáhùn.

"Ó dáa. Jẹ ẹ́."

Ìyá gbà á. Khamson, tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀, súnmọ́ dókítà, ó ní oorun ò kùn òun náà, níbo ni wọ́n ti ń tò? Mo wò ó títí, ó gbójú sápá kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo kán an. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò sí. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá láti orí pèpéle, wọ́n ń bèèrè bóyá ìrẹsì ṣì kù. N kò sáré. Mo rọra gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré náà wá pẹ̀lú ẹja sísun, mo jókòó, mo ń ṣe bí ẹni tí kò wo nǹkan kan.

Ìyá bu ìrẹsì, wọ́n fi ọwọ́ yí i di òkèlè. Ọwọ́ wọn kọ́kọ́ gbé e sápá kan, síbi tí wọ́n máa ń fi ti àlùfáà sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá gbé e padà, wọ́n fi sẹ́nu ara wọn, wọ́n sì tún bu òmíràn.