Ẹni Tó Gbà Láti Bá Akínrẹ̀mí Jẹun

Látìgbà tí Wúrà ìyàwó rẹ̀ ti kú, oúnjẹ ò wọ Akínrẹ̀mí lọ́fun mọ́. Kì í ṣe pé kò sí oúnjẹ o. Fìríìjì rẹ̀ nínú fúláàtì ní Thames View, ní Lọ́ńdọ̀nù, kún fún ike ọbẹ̀ táwọn ìyá ìjọ ń gbé wá, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, ata díndín lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ ti gan bí òkúta. Ẹni tí yóò jókòó sí òdìkejì tábìlì ni kò sí. Bó bá gbé àwo ka iwájú, tó bu òkèlè àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ á lọ sórí àga kejì, á sì dá òkèlè náà padà sínú àwo. Nígbà tó yá, ó kúkú fi tábìlì sílẹ̀, ó ń jẹun lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀.

Dárasími, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Aberdeen, lọ́hùn-ún ní Skọ́tílándì, rí i lójú fóònù, ó sì figbe ta.

“Daddy! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín dà?”

“Ó wà níbẹ̀. Fóònù rẹ ni kò mọ́lẹ̀.”

“Ẹ má bá mi ṣàwàdà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jáde nílé. Ẹ lọ jẹun níbi tí èèyàn wà. Bẹ́ ẹ bá tún rù sí i, mò ń bọ̀ wá kó yín wá síbí, òtútù ibí á sì kọ́ yín lọ́gbọ́n.”

Báyìí ni Akínrẹ̀mí ṣe di ẹni tó ń lọ sílé ọtí àwọn ará Skọ́tílándì ní Becontree Heath, lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ má fojú burúkú wò ó. Alàgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun ní Castle Green, ọtí ò sì kan ètè rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ sùtánà fún un. Òórùn ló fà á wọlé. Ó ń lọ síbi tó ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì ni òórùn ẹran inú gbá a nímú, ẹran inú gidi, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Ó bá ń tẹ̀lé e lọ bí ọmọdé, àfìgbà tó bá ara rẹ̀ níwájú káńtà, níbi tí igò wisikí tò sí lẹ́sẹẹsẹ dé òkè àjà.

Nùsírátù, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ìyá Habeebullah ni tonílé tàlejò ń pè é. Bó ṣe gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì tí Akínrẹ̀mí fi ń bèèrè oúnjẹ, ó yọrí láti ilé ìdáná.

“Ẹ̀yin bàbá yìí, ọmọ Yorùbá ni yín!”

“Ọmọ Èkìtì ni mí. Ìwọ wá ńkọ́? Kí lo fi ìborùn rẹ ń wá nílé ọtí?”

“Ìkòkò ni mò ń dúró tì, sà, n kì í fọwọ́ kan igò. Kí ni ẹ̀yin náà fi àgbélébùú ọrùn yín ń wá?”

Akínrẹ̀mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbé àwo wá fún un, ó sì dúró tì í láti ṣàlàyé. Hágíìsì ni wọ́n ń pè é. Ọkàn àgùntàn ni, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ àti fùkù, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ọkà òyìnbó, tí wọ́n wá rọ sínú àpòlúkù àgùntàn náà, kí wọ́n tó sè é. Pọ̀tétò gígún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Àwọn òyìnbó ló mọ ẹran inú sè báyìí?”

“Kì í ṣe gbogbo wọn, bàbá. Àwọn tòkè ọ̀hún nìkan ni.”

Oúnjẹ náà dùn lóòótọ́. Síbẹ̀, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dá ìyókù padà. Sátidé kejì, bákan náà. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ariwo wà, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Ṣùgbọ́n tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn tirẹ̀, ojú wọn á sì kàn ré kọjá lórí Akínrẹ̀mí bí ẹni tó ń wo fèrèsé. Ó wá dà bíi pé ìdí síǹkì náà ló ṣì wà, tí wọ́n kàn tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí.

Ẹnì kan ṣoṣo tó dà bíi tirẹ̀ ni ọkùnrin arúgbó tó máa ń jókòó sí tábìlì tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Peter ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Skọ́tílándì ni. Fìlà rẹ̀ ló máa ń gbé sórí àga tó kọjú sí i, á wá máa fi wisikí ra ẹnu, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Kì í jẹun. Kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Níbi tí wọ́n ti tọ́ Akínrẹ̀mí dàgbà, èèyàn kì í fi oúnjẹ sẹ́nu nígbà tí ojú òun àti ti ẹlòmíràn bá pàdé, láìsọ pé, “Ẹ wá jẹun.” Onítọ̀hún á dáhùn pé, “Á gbabi ire,” á sì dúró síbi tó wà. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kó wá. Ìkíni lásán ni. Lọ́sàn-án Sátidé kan ní oṣù kọkànlá, fọ́ọ̀kì Akínrẹ̀mí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu nígbà tí Peter gbójú sókè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Kí Akínrẹ̀mí tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó já geere:

“Wá bá mi jẹun.”

Peter wò ó. Ó wo àwo. Ó wá dìde, ó wọ́ àga rẹ̀ wá, ó mú fọ́ọ̀kì kan nínú ife tí wọ́n ń kó o sí, ó jókòó, ó sì ki fọ́ọ̀kì náà bọ àárín gbùngbùn hágíìsì.

Akínrẹ̀mí lanu, kò lè pa á dé. Ìyá Habeebullah, tó ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, fọwọ́ bo ẹnu.

“Bàbá Dárasími, ṣé ẹ̀yin lẹ pè é ni?”

“Mo kàn kí i ni!”

“Ó ti jẹ́ yín. Ẹ tètè mú tiyín o, kó má lọ jẹ yín mọ́ ọn!”

Akínrẹ̀mí bá sáré na fọ́ọ̀kì. Peter bu ti ọ̀tún, òun bu ti òsì. Àwo kan náà ni òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń na ọwọ́ sí nílé bàbá wọn, ẹni tó bá ń ronú lọ́wọ́ á dìde tòun tebi. Ọdún wo lèyí? Oúnjẹ ń wọlé, ó ń lọ tààrà, ọ̀fun ò sì janpata. Ó ti jẹ pọ̀tétò délẹ̀ àwo kó tó rántí pé òun ń jẹun.

“Ta ní ń se oúnjẹ fún ọ nílé?” ó bi Peter.

“Ẹ̀rọ kan ni. Ó máa ń dún píìpù bó bá sè é tán. Ohun kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn.” Ó nu ẹnu. “Victoria ló ń sè é tẹ́lẹ̀.”

Akínrẹ̀mí ò bi í pé níbo ni Victoria wà. Ó mọ̀.

Nígbà tí àwo dán, Peter dìde lọ sí káńtà, ó gbé ife wisikí méjì bọ̀, ó sì gbé ọ̀kan ka iwájú Akínrẹ̀mí. Òórùn rẹ̀ dìde. Òórùn èéfín ni, bí èéfín àjà orí ààrò ìyá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja gbẹ, tí gbogbo aṣọ ilé á sì máa rùn tìrìrì. Akínrẹ̀mí mí i símú dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó rọra ti ife náà padà.

“O ṣeun. N kì í mu ún.”

“Mo ti jẹ oúnjẹ rẹ.”

“Mo mọ̀. Ìjọ tí mo wà ò gbà á. Mo ti ṣèlérí.”

Ojú Peter pa dé bí ilẹ̀kùn. “Nílé tiwa, ọkùnrin tó bá jẹ ti ẹlòmíràn tí kò fi nǹkan dá a padà, alágbe ni. N kò ṣagbe rí.” Ó wọ́ àga rẹ̀ padà síbi tó ti gbé e wá, ó sì kọ̀yìn sí Akínrẹ̀mí. Ó fi ife náà sílẹ̀.

Akínrẹ̀mí mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá fi ẹ̀yìn tó kọ sí òun yìí jáde, òun ò tún ní rí ẹnikẹ́ni tó máa bá òun jẹun mọ́. Ó gbé ife náà dé imú. Kò sí ará ìjọ kankan níbẹ̀. Ẹnu kan péré ni. Ṣùgbọ́n òun àti Wúrà ni wọ́n jọ dúró láìwọ bàtà níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ sùtánà náà, tí wọ́n fi ohùn kan ṣèlérí pé àwọn ò ní mutí. Bó bá da ìlérí yẹn, kí ló tún kù tí àwọn méjèèjì jọ ní? Ó gbé ife náà sílẹ̀.

“Ìyá Habeebullah! Bu àwo mìíràn fún mi.”

“Òmíràn? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ìdajì?”

“Bù ú wá.”

Nígbà tó dé, ó fi ọwọ́ kan gbé àwo, ó fi ọwọ́ kejì gbé wisikí, ó sì rìn lọ sídìí tábìlì Peter. Ìtìjú bò ó. Kéèyàn gbé ara rẹ̀ lọ bá ẹni tí kò pè é, bí ìyá rẹ̀ bá wà láyé, yóò gbá a létí, àgbà tàbí ọmọdé.

“N kò lè mu ọtí rẹ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n tó o bá fẹ́ dá a padà fún mi, bá mi jẹ èyí. N kì í lè jẹun lémi nìkan. Tó o bá bá mi jẹ ẹ́, mi ò tún fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ.”

Peter fi àgbọ̀n júwe ife náà. “Èyí ńkọ́?”

“Mu ún níwájú mi. Èmi á máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn ilé wa ni.”

“Òórùn ilé tèmi ni,” Peter wí.

Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí àga.

Wọ́n jẹ hágíìsì náà, wọ́n rọra jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì du nǹkan mọ́. Nígbà tó ku òkèlè kan láàárín àwo, Akínrẹ̀mí fi fọ́ọ̀kì tì í sí ọ̀dọ̀ Peter. Peter mu wisikí díẹ̀, ó tì í padà. Akínrẹ̀mí tún tì í sí i. Ó ti tutù, ọ̀rá ti dì mọ́ ọn, kò tiẹ̀ wu èèyàn í jẹ mọ́.

Ìyá Habeebullah wá, ó nawọ́ sí àwo. “Ṣé kí n máa gbé e lọ?”

“Rárá,” Akínrẹ̀mí dáhùn.

“A ò tíì jẹun tán,” ni Peter wí.