Òkúta Tí Yésúfù Gé Jẹ Lóṣù Ààwẹ̀

Ohun tí àwọn bàbá ń wò kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ kò dọ́gba. Àwọn kan a wo ìdílé, àwọn kan a wo àpò. Àlájì Àjàgbé, ará Ìwó tó ń ta abọ́ tánńganran nítòsí Ọjà Albert ní Banjul, kò wo ìkankan nínú méjèèjì. Ààwẹ̀ ni tirẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó bá lè gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì parí láìyọ́ mu omi lẹ́yìnkùlé, irú wọn kì í yọ́ fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó. A kò mọ ibi tó ti rí ẹ̀kọ́ yìí, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ààwẹ̀ kan ṣoṣo bọ́, ìyàwó mẹ́ta ló sì ní: méjì ní Ìwó, Haja ní Banjul.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yésúfù gbọ̀ngbọ̀n. Ayálégbé Àlájì ni. Ó fẹ́ fi Kàfáyàt, ọmọ Àlájì, ṣe aya, Kàfáyàt náà sì fẹ́ ẹ. Àlájì ti sọ pé kí ààwẹ̀ ọdún náà kọ́kọ́ lọ ná, kí òun rí bí yóò ṣe gbà á, òun yóò wá dáhùn. Ọmọ oníṣòwò kan wà ní Serrekunda tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì, òun náà ń retí ìdáhùn yìí.

Iṣẹ́ òkúta ni Yésúfù ń ṣe. Ó kàwé nípa rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọ́fíìsì kan sì gbà á síṣẹ́ ní Banjul lọ́dún kejì tí wọ́n yí orúkọ ìlú náà padà kúrò ní Bathurst. Kí òmìnira tó dé, àwọn tùbáábù kan, ìyẹn àwọn òyìnbó, ti gbẹ́ kànga jíjìn kan ní ìkọjá afárá Denton, wọ́n ń wá epo rọ̀bì. Yanrìn tó ti di òkúta ni wọ́n ń lé, torí inú irú rẹ̀ ni epo máa ń sá sí. Wọ́n bá yanrìn lóòótọ́, omi ló kún inú rẹ̀. Wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n lọ. Òkúta amọ̀ dúdú tí wọ́n là kọjá kí wọ́n tó débẹ̀ wà nínú àpótí, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí Banjul. Amọ̀ ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Yésúfù ní amọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun ẹlẹ́mìí tó kú sínú òkun láyé àtijọ́, inú ẹrẹ̀ ló rì sí. Ẹrẹ̀ di òkúta, ooru ilẹ̀ sì se òkú náà títí ó fi di epo. Gbogbo onímọ̀ ló gbà dé ibẹ̀ yẹn. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pín ni pé Yésúfù ní èyí tó pọ̀ jù nínú epo náà kò kúrò níbi tí wọ́n ti sè é, ó ṣì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ọbẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí èèyàn yóò mọ bí a ṣe ń ha á. Tó bá ti sọ ọ́ dé ibí yìí nídìí oúnjẹ, Àlájì a wò ó tàánútàánú.

“Amọ̀ kẹ̀, Yésúfù,” ni yóò wí. “Jẹun.”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkúta amọ̀ ló wúlò. Èyí tó kúnná jù máa ń rọ̀, kì í là. Èyí tí yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ ló ń là, tí epo fi lè rọ́nà jáde. Ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì wà nílùú òyìnbó. Ní Banjul, eyín ni. N kò ṣe àwàdà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní yunifásítì. Wọ́n ní kí ó fi eyín iwájú gé e, kí ó rún un díẹ̀. Bó bá ń yọ̀ bí òrí, amọ̀ pọ́ńbélé ni. Bó bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bíi gàrí tí wọn kò kù dáadáa, yanrìn wà níbẹ̀. Kí ó wá tu ú dànù.

Ọ̀gá rẹ̀ ti kó àwọn àpótí amọ̀ náà fún un, ó sì ti sọ pé àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti òkè òkun wá gbọ́ àbájáde iṣẹ́ náà kí Kòrítè, ìyẹn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, tó dé. Ẹ̀yìn ìṣínu ni Yésúfù máa ń gé òkúta rẹ̀. Kò rọrùn. Iná ń kú, ẹnu tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ja tán kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín yanrìn àti egungun. Nígbà tí àwọn àlejò kù sí dẹ̀dẹ̀, àpótí kan ṣẹ́kù, èyí tó ti ibi tó jìn jù nínú ilẹ̀ wá. Lọ́sàn-án Sátidé, Yésúfù gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ṣebí òun kò ní gbé e mì.

Ó gé, ó tu. Ó gé, ó tu. Nígbà tó kan àwọn tó wà nísàlẹ̀ àpótí, eyín rẹ̀ dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, òórùn kẹrosíìnì gba imú rẹ̀, ọ̀rá díẹ̀ sì bà lé e láhọ́n. Ohun tó ti ń sọ látọjọ́ yìí ló wà lẹ́nu rẹ̀ yìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti tutọ́. Ó gbé e mì.

Nígbà tó máa gbójú sókè, Haja ló rí lójú fèrèsé ilé ìdáná. Haja rọra pa fèrèsé dé.

Nígbà tí ìṣínu tó, wọ́n gbé abọ́ kálukú síwájú rẹ̀. Yésúfù ṣí tirẹ̀. Òkúta kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì bu ọbẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Èyí tó o fẹ́ràn ni,” ni Haja wí. “Mi ò kàn mọ̀ bóyá o máa ń fi ata jẹ ẹ́.”

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ jù ni wọ́n ń bá wí. Wọn kò ronú kan ẹni tó gé òkúta jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásárì, Àlájì ránṣẹ́ pe Alfa Sanúsí tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n gbé òkúta náà lé àwo láàárín wọn. Kàfáyàt dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Wọ́n ní kí ó má wá, ó sì wá.

“Ṣé o gbé e mì?” Alfa bi Yésúfù.

“Díẹ̀, Alfa. Ó ṣèèṣì ni.”

“Gígé tó o gé e ńkọ́, ìyẹn náà ṣèèṣì?”

“Rárá, sà. Iṣẹ́ ni.”

Alfa yẹ òkúta náà wò títí. “Eruku títì tó bá kó sí èèyàn lọ́fun, Ọlọ́run fojú fò ó. Ẹni tó ń lọ àgbàdo, tí ìyẹ̀fun fẹ́ sí lẹ́nu, Ó fojú fo tirẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ eruku iṣẹ́ lásán ni tìrẹ, ààwẹ̀ rẹ ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí epo bá wà nínú rẹ̀, tó o mọ̀, tó o sì ń fẹnu wá a kiri lọ́sàn-án ààwẹ̀, lójú tèmi, o mọ̀ọ́mọ̀ ba ààwẹ̀ jẹ́ ni. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wàá fi gbààwẹ̀ san án, léraléra.”

“Epo wà níbẹ̀,” ni Haja dáhùn kíá. “Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́.”

Àlájì gbé ọwọ́ sókè. “Yésúfù, mi ò ní tàn ọ́. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ba ààwẹ̀ jẹ́, mi ò ní fún un lọ́mọ. Ṣé epo wà nínú amọ̀ yìí, àbí kò sí?”

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Yésúfù bá ní ó wà níbẹ̀, Kàfáyàt yóò gba orí afárá Denton kọjá lọ sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù méjì. Bó bá ní kò sí, a jẹ́ pé òkúta ló ń jẹ láìnídìí. Ó wo kọ́tìnì. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Kàfáyàt yọ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n di ilẹ̀ mú gírígírí.

“Kò sí, Bàbá,” ni Yésúfù wí. “Amọ̀ lásán ni.”

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. “Ohun tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn!” ni Àlájì wí, ó sì na ọwọ́ sí i. Alfa ṣàdúà. Haja dìde lọ wo iye ìrẹsì tó wà nílé. Ojú ti Yésúfù bí ẹni tó sẹ́ ìyá rẹ̀ lójú ọjà.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, òtítọ́ ló sọ fún wọn. Ó gbé òkúta náà fún wọn gbóòórùn. Wọ́n fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n wá béèrè ibi tí yanrìn wà. Ọ̀kan nínú wọn ní ìdérí ìkòkò ni amọ̀, ẹnìkan kì í jẹ ìdérí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Barra lọ wo ẹyẹ. Àwọn tí Yésúfù purọ́ fún gbà á gbọ́, àwọn tó sọ òtítọ́ fún kò gbà. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn Kòrítè, wọ́n so yìgì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kàfáyàt gbé tíì, ẹyin díndín àti búrẹ́dì tapalápà gbígbóná síwájú ọkọ rẹ̀. Yésúfù na ọwọ́.

“Ẹ dúró ná,” ni Kàfáyàt wí. “Epo wà nínú òkúta yẹn, àbí kò sí?”

Yésúfù fa ọwọ́ padà. Kò sí Alfa níbẹ̀, kò sí Haja. Ó lè tún purọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ní mú un.

“Ó wà níbẹ̀,” ni ó wí. “Ó pọ̀ gan-an.”

“Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo fọ áńkáṣíìfù tí ẹ fi nu ẹnu. Mo fọ̀ ọ́ títí, ó ṣì ń rùn bíi fìtílà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Ẹ fẹ́ kí n lọ máa gbé Serrekunda ni?” Ó bu tíì fún un. “Ọgọ́ta ọjọ́ ni Alfa wí. Mo ti kà á. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ máa parí rẹ̀ kí wọ́n tó pa àgbò Tóbáskì. Màá máa jí yín fún sàárì.”

“Kàfáyàt, ìyàwó ọ̀ṣìngín lo jẹ́ o.”

“Mo mọ̀.”

Yésúfù wá béèrè, ohùn rẹ̀ sì kéré: “Ṣé ìwọ gbà lóòótọ́ pé epo wà níbẹ̀?”

“Bí mi ò bá gbà,” ni Kàfáyàt wí, “kí ni mo fẹ́ kí ẹ gbààwẹ̀ lé lórí?”

Omi lé ròrò sójú Yésúfù. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì. Kàfáyàt kó ẹyin tirẹ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀, ó ní kí ó jẹun dáadáa lónìí, Yésúfù sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán.