Àárín Odò ni Kí Ẹ Ju Ọ̀pá Sí

Láti ìgbà tí omi ti gbé atukọ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ kì í sunkún, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ nìkan ló ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó jókòó sínú yàrá pákó tó wà ní èbúté, ó ń fa okùn ara àwọn ẹ̀wù tó ń múni léfòó lójú omi wò. Èyí tí okùn rẹ̀ bá ti ń tú, á jù ú sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Àwọn tó fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sí adágún ti dé, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà láàárín wọn, ó ti gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ lé èjìká. Àbúrò ọkọ obìnrin náà, ẹni tó ń pè ní Adúmáadán, ló máa kó wọn lọ.

Òfin kan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀: kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n á ju ọ̀pá gbígbẹ sómi, ẹnì kan á sì máa bá a rìn létí odò. Bí ọ̀pá bá fi ẹni náà sílẹ̀, omi ti yára jù, ìrìn-àjò ọjọ́ náà ti parí nìyẹn.

"Mo ti jù ú," ni Adúmáadán wí. "Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé."

"Níbo lẹ jù ú sí?"

"Ibi tí mo dúró sí náà ni. Ṣé kí n kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ dé àárín odò ni, ìyàwó wa?"

Obìnrin náà dìde. Omi etí èbúté kì í sáré, bó ti wù kí odò kún tó. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ju ọ̀pá sí lọ́jọ́ tó lọ tí kò padà, torí pé àwọn èrò ń kánjú.

Ó mú ọ̀pá mìíràn, ó rìn dé ìparí afárá onípákó tó yọ sínú odò, ó sọ ọ́ sí àárín odò.

"Ẹ bá a rìn."

Adúmáadán rìn, ó sáré díẹ̀, ó dúró. Ọ̀pá ti kọjá ibi tí odò ti yà, kò rí i mọ́.

Ó padà wá wẹ́rẹ́. "Kí la máa wá sọ fún wọn?"

"Pé odò kún."

"Wọ́n á bínú."

"Kí wọ́n lọ bínú nílé wọn."

Ọmọ rẹ̀ kùn. "Màámi, ẹ̀rù ló kàn ń bà yín."

"Kò bà mí."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rù pàápàá kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fi kọ́ ara ògiri, ó padà jókòó, ó mú ẹ̀wù tó kàn, ó sì fa okùn rẹ̀ wò.