Lẹ́tà Ọjọ́rú

Ọjọ́rú ni Tísà Bámgbóyè ka lẹ́tà náà sí Mosúnmọ́lá létí. Ẹ̀bùnọlá ọmọ Mosúnmọ́lá kọ̀wé pé òun ń bá ọkọ òun kó lọ sí Kàdúná, pé àwọn yóò dúró ní gáréèjì Adó láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìyá òun lè fi ojú kan ọmọ tuntun kí àwọn tó lọ. Ìṣẹ́gun ti kọjá lánàá. Lánàá yẹn, oko iṣu lọ́nà Ìjàn ni Mosúnmọ́lá wà, tó ń roko, tó ń kọrin.

Kò sunkún. Ó kàn nawọ́ gba lẹ́tà náà àti àpò tó wà nínú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ẹ̀bùn," ni tísà wí. "Posófíìsì ló ń falẹ̀."

Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì l'Ókè-Ìlá, níbi tí àwọn àgbà ti ń kọ́ ìwé ní gbogbo Ọjọ́rú, àpótí lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn ń lò. Tísà ló ń bá wọn kó lẹ́tà wá láti posófíìsì. Nígbà tí òjò dé tí iṣẹ́ oko pọ̀, ogún akẹ́kọ̀ọ́ di mẹ́fà. Ìgbà tí tísà bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà níparí ẹ̀kọ́ ni wọ́n tún padà wá.

Àrínọlá tó jókòó ti Mosúnmọ́lá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ. "Lẹ́tà tiwa yìí mọ Ọjọ́rú ju àwa lọ. Kò ṣìnà bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ rí."

Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Mosúnmọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí pé tísà kì í ṣí báàgì tó ń kó lẹ́tà sí títí yóò fi ka orí wọn tán. Ó yí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà náà wò. Ọ̀rọ̀ ìwé ṣì ń rìn bí èèrà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tísà yìí kan náà ló kọ́ ọ ní nọ́ńbà. Ẹẹ́sàn-án ló wà nínú òǹtẹ̀ posófíìsì Adó. Lójú pátákó, ẹẹ́rìnlá ni tísà fi ṣọ́ọ̀kì kọ fún ọjọ́ òní.

Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ.

"Tísà, ọjọ́ wo lo gba lẹ́tà mi?"

"Àárọ̀ yìí ni, mà."

Ó fi ìka lé òǹtẹ̀ náà. Tísà wò ó, ó wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì ni. Mi ò ṣí i, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń pín in kiri ilé, ta ni yóò tún wá kàwé?"

Mosúnmọ́lá ká lẹ́tà rẹ̀, ó fi í há ìgbànú.

"N ó wá ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀," ó wí. "Bí mo bá fi ìwé sílẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni lẹ́tà mi yóò tún há sí. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, èmi ni n ó máa lọ gbà á ní posófíìsì. Ìwọ ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Kíkà rẹ̀ nìkan ni kí o kọ́ mi."