Irin Márùn-ún Tó Jọra

Ẹ́ńjìnnì náà yí díẹ̀, ó sì há. Mo tún ki sípánà gígùn bọ bóòtù iwájú rẹ̀, mo fi gbogbo ara fà á, kò lọ. Bí mo bá fi ipá kún un, nǹkan yóò ṣẹ́. Mo jókòó sórí pákó ilé, mo ń wò ó.

Inú mọ́tò kan tó dúró sí Igbókọ̀dá ni ó ti wá. Ọkọ̀ ni mo fi gbé e wá sí Ayétòrò, torí ilé ni irinṣẹ́ mi wà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe láti ìgbà tí mo ti fi ojú kọ́ ọ. Òkun ti kó ilé ìdáná wa lọ. Èmi àti Happiness, ìyàwó mi, ti fẹnu kò pé bí mọ́tò yìí bá lè rìn, a ó kó lọ sí Igbókọ̀dá, n ó máa fi kó èrò lọ sí Òkìtìpupa. Bí kò bá rìn, èmi náà yóò padà sójú òkun nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Olówòkéré. Àyè ẹnì kan ti ṣófo níbẹ̀, ó sì ń fẹ́ èsì kí wọ́n tó jáde lọ́jọ́ Ajé.

Ó yà wò wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fi ẹsẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ó ní ìdákọ̀ró òun ti já sómi, òun ń wá nǹkan tó wúwo báyìí.

Happiness dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn pé, “Bàbá Marvellous, ẹ wá tiyín síbòmíràn.”

Nígbà tó lọ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ohun tó bá há, ibì kan ló ti há. Béèyàn bá ń yọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ yóò fara hàn. Mo kọ́kọ́ fura sí àwọn písítìnì, torí òrùka tuntun ni mo fi sí wọn. Mo yọ gbogbo wọn, ó ṣì há. Ó wá ku kíráǹkì, irin gígùn tí àwọn písítìnì ń yí. Mo dojú ẹ́ńjìnnì dé. Ìdérí márùn-ún, tó rí bí ìlàjì òrùka, ló di kíráǹkì mú sí ibùjókòó rẹ̀. Mo dẹ bóòtù gbogbo wọn, mo fi ìka kan ti kíráǹkì. Ó yí, ó ń yí lọ jẹ́ẹ́, kò fẹ́ dúró. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí i. Mo di ìdérí àkọ́kọ́, ó ń yí. Mo di ìkejì, ó há.

Mo tú ìkejì yẹn, mo gbé e wò. Kò sí àmì lára rẹ̀, kò sì sí lára àwọn yòókù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì náà, mo ti tò wọ́n sórí pákó láti iwájú dé ẹ̀yìn kí n tó lọ ra bẹ́rìnì tuntun tí kíráǹkì yóò máa yí nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, inú bésìnì lórí àjà ni mo bá wọn.

Mo bi ìyàwó mi pé, “Ìyá Promise, lọ́jọ́ tí omi wọlé, báwo lo ṣe kó àwọn irin yìí?”

“Bí mo ṣe ń kó ẹja ni. Omi ti bo ọrùn ẹsẹ̀ mi, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ṣé kí n máa pè wọ́n lórúkọ ni?”

Mo ṣàlàyé fún un pé níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì, wọ́n kọ́kọ́ de ìdérí mọ́ ibùjókòó rẹ̀, kí wọ́n tó gbẹ́ ihò náà já lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì ihò wà lókè, ìdajì wà nísàlẹ̀. Bí o bá gbé ìdajì kan lé ìdajì ihò mìíràn, ihò kò ní í ṣe róbótó mọ́. Ó lè má ju ìbú irun kan lọ, ó sì tó láti fún kíráǹkì lọ́rùn. Ó ní kí á máa dán wọn wò nígbà náà. Mo sọ fún un pé ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, apá mi ò sì lè dì í, kó tú u, tó ìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa èékánná rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìdérí ti pàdé ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, “Ibí yìí ń kọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo dìde. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, irin kan náà tó fá ẹ̀gbẹ́ ìdérí ló fá ẹ̀gbẹ́ ibùjókòó rẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tó bá ti tọ́, kò yẹ kí ojú ìpàdé ṣe gbágungbàgun. Epo àti irin ti jẹ èékánná tèmi tán. Tirẹ̀, àwọ̀n ló fi ń tún ṣe lójoojúmọ́. A gbé kíráǹkì kúrò. Mo ń gbé ìdérí lé ibùjókòó kan tẹ̀ lé òmíràn, mo ń yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, òun ń fa èékánná.

“Kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí náà. Dúró ná. Kò sí nǹkan kan níbí.”

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹ̀yìn ń dùn wá nígbà tí a rí ti ìkarùn-ún. Mo dá kíráǹkì padà, mo di gbogbo bóòtù le. Happiness ló kọ́kọ́ ti kíráǹkì náà. Ó yí. Ó tún un tì, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

Ó ní, “Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Mo bá Olówòkéré níbi tó ti ń ká okùn. Mo ní kó wá ẹlòmíràn sí àyè yẹn.

Ó bi mí pé, “Ṣé ó ti dún ni?”

“Kò tíì dún. Ó ń yí.”

“Ìwọ sì ti fi àyè sílẹ̀.”

“Mo ti fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọkọ̀ rẹ̀ bá mi gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ sí Igbókọ̀dá, bí mo bá ti to gbogbo rẹ̀ padà. Ó wo omi, ó ní kí n tètè múra, torí bí omi bá fà, kò sẹ́ni tí yóò bá mi fi ejìká gbé ẹ́ńjìnnì gba inú ẹrẹ̀.