Aṣọ Tí Àsíátù Kò Tú

Àbúrò mi Láwàlì kò mọ nǹkan kan nípa àdìrẹ, bẹ́ẹ̀ ìdí ìkòkò aró tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi ní àdúgbò Ìgbẹ̀ìn ló ti dàgbà. Ká ní ó fara balẹ̀ kọ́ díẹ̀ níbẹ̀ ni, ǹ bá má tíì mọ ohun tó ṣe títí dòní.

Ọdún 1985 ni. Ibodè ti wà ní títì láti ọdún tó ṣáájú, ìjọba tún wá pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé padà sílùú wọn. Wọ́n tilẹ̀kùn tán, wọ́n ní kí àlejò jáde. Ọgbọ́n ìjọba nìyẹn. Láwàlì, tó ti ń fi inú igbó lẹ́yìn Ìlaròó ṣe fàyàwọ́, pa ẹrù tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn kọjá.

Àsíátù, ọmọ Àjàṣẹ́ ní òdì kejì ibodè, wà lára wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá mi ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú la fi ń rán an pinpin kó tó wọ aró, ibi tí òwú bá sì dì mú kì í gba aró. Ẹni tó rán an ló mọ ibi tí òun fi ìdí òwú pa mọ́ sí. Bó bá ti fà á, ìlà náà á tú láti òkè délẹ̀. Ẹlòmíì á mú abẹ, á sì gé aṣọ mọ́ òwú. Nítorí náà, nílé tèmi, ẹni tó bá rán an ló ń tú u, ì báà jẹ́ ìyàwó ọba ló fẹ́ rà á.

Èmi fúnra mi ni mo bẹ Láwàlì pé kó mú Àsíátù lọ. Nígbà tí Àsíátù ń di ẹrù, ó fi aṣọ kan tó ti rẹ láró ṣùgbọ́n tí kò tíì tú sínú rẹ̀.

"Ojú ìyá mi ni mo ti máa tú u," ó wí. "Wọn ò rí iṣẹ́ ọwọ́ mi rí." Láwàlì wà níbẹ̀, ó gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, Láwàlì padà dé. Ó ní àwọn débẹ̀ láyọ̀, ó sì na aṣọ náà sí mi.

"Ó ní kí n fún yín, Ẹ̀gbọ́n. Ojú mi ló ti tú u. Ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀."

Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi. Mo rí ihò kan létí rẹ̀, mo rí èkejì. Nígbà tí mo kà á dé mọ́kàndínlógún, mo ṣíwọ́. Ẹni tó ń kánjú ló fi abẹ gé e. Láwàlì rò pé aṣọ tó ti tú ló máa jẹ́rìí fún òun pé Àsíátù délé.

"Láwàlì, kí lo fi ọmọ yẹn ṣe?"

Ó wo aṣọ náà, ó wo ojú mi. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀.

"Mo ní kó bọ́ yẹtí rẹ̀ fún mi, ó wá ń pariwo. Ṣọ́jà sì wà nítòsí. Mo kàn bò ó lẹ́nu ni, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù. Nígbà tí mo gbé e kúrò, kò mí mọ́."

Wọ́n ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n. Èmi ò bí Láwàlì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí ìyá wa kú. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ọmọ ìlú wo ni obìnrin náà?" sájẹ́ǹtì bi mí.

"Àjàṣẹ́ ni."

"Ṣé ó níwèé?"

"Kò ní."

Ó fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. "Màmá, ìjọba ní kó lọ, ó sì ti lọ. Ẹ máa lọ sílé yín."

Ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo jáde. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti sọ ọ́, wọn ò gbọ́, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo délé, mo bá Láwàlì níbi tó ti ń fi òróró nu bàtà rẹ̀. Ó ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkàt ń dúró de òun ní Owódé, àárọ̀ ọ̀la làwọn máa gbéra.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Owódé. Sìdíkàt ti di ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ kú àánú wa, Ìyá," ó wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fa Àsíátù lé Láwàlì lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́."

Mo ní kó dìde. Mo ní, "Má bá a lọ. Àsíátù kò délé. Àbúrò mi ló pa á."

Ó tú ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

"Àwọn tó mú lọ ṣáájú Àsíátù ńkọ́?"

Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mi ò béèrè wọn lọ́wọ́ Láwàlì rí. Ilé mi ni gbogbo wọn ti jẹun kí wọ́n tó tẹ̀ lé e.